Àga Táyé

Adégbìtẹ́ ayàwòrán to àga mẹ́ta: ti Kẹ́hìndé, ti Táyé, ti ìyá wọn láàárín. Ojú kámẹ́rà tuntun rẹ̀, èyí tó ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, yí ara rẹ̀, jíì, ó mú Kẹ́hìndé kedere.

“Ọmọ dáadáa!” ni Adégbìtẹ́ wí. “Pààrọ̀ aṣọ, wá jókòó fún Táyé.”

Bẹ́ẹ̀ làwọn ayàwòrán àtijọ́ ń ṣe bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú. Táyé sì kú láìya fọ́tò kan rí.

Kẹ́hìndé jókòó sórí àga Táyé. Ojú kámẹ́rà ṣú bàìbàì.

“Mo ti ya ẹni yìí,” ni ó wí. “Ẹ pe ẹnìkejì.”

“Ọ̀run ló wà!” ni Ìyá Ìbejì ké. “Ṣé kí n wọkọ̀ lọ mú un wá ni?”

Adégbìtẹ́ fẹ́ fọwọ́ yí ojú kámẹ́rà náà, àmọ́ wọn kì í ṣe ibi ìfọwọ́yí sí irú rẹ̀ mọ́.

“Ìyá Ìbejì, ojú mìíràn ló ṣáà ń wá. Ẹ bọ́ síbẹ̀.”

Ìyá dé fìlà Táyé, ó ká orúnkún mọ́ra lórí àga kékeré náà. Jíì! Ó mọ́ kedere. Adégbìtẹ́ fò sókè, Kẹ́hìndé pàtẹ́wọ́, ìyá gan-an rẹ́rìn-ín.

“Ó ku àga àárín,” ni ojú kámẹ́rà wí. “Ẹ pe ìyá wọn wá.”

Kẹ́hìndé wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò lè dìde. Lójú kámẹ́rà, Táyé ni.