Oògùn Méjì, Ojo Kan

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, Noelene Draper a wa ọkọ̀ láti Gympie, ìlú kékeré kan ní Australia, lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Brisbane. Clive ọkọ rẹ̀ a jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a di bẹ́líìtì mú ṣinṣin bí ọmọdé tí wọ́n ń mú lọ gbabẹ́rẹ́.

Ogójì ọdún ni wọ́n fi jọ gbin ọ̀pẹ̀ òyìnbó nínú oòrùn, kò sẹ́ni tó rí fìlà lórí ọ̀kankan nínú wọn. Jẹjẹrẹ awọ ara ló wá kó wọn dé ọ̀dọ̀ Dókítà Fairweather. Ó ti kọjá awọ, ó ti wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Dókítà ò fi bò. "Oògùn kan ṣoṣo ò tó mọ́. À ń dán méjì wò pọ̀. Ó lè ṣiṣẹ́, ó lè má ṣiṣẹ́. Mi ò lè ṣèlérí fún yín."

Clive bú sẹ́kún. Noelene wò ó bí ẹni ń wo àkísà ìnulẹ̀.

"Nu imú ẹ. Dókítà ń sọ̀rọ̀."

Òun ló gba ìwé, òun ló kà á tán, òun ló fọwọ́ sí i. Clive ò tíì nu imú tán.

Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ti kọ Clive. Ó rù, ṣòkòtò ń yọ̀ bọ́ nídìí rẹ̀, oorun dá lójú rẹ̀. Síbẹ̀, Noelene ò jẹ́ kó sinmi. Ó ní kó máa fọ aṣọ. Bó bá lọ ṣẹ́ẹ̀tì tán, Noelene a fún un rún, a ní kó tún un lọ. Bó bá ń dáná, ìyàwó rẹ̀ a jókòó sórí àga, a káwọ́ lẹ́rán, a máa wò ó.

"Ẹyin nìyẹn àbí òkúta?"

"Ó jọ pé ó pẹ́ lórí iná."

"Ó jọ bẹ́ẹ̀ lójú ẹ! Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, kò lè se ẹyin. Ajá wúlò jù ẹ́ lọ. Ajá a máa ṣọ́lé. Dà á nù, gbé òmíràn kaná."

Glenys, aládùúgbò wọn, gbé páì ẹran wá lọ́jọ́ yẹn, ó sì gbọ́. Ó fa Noelene sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ṣàánú ọkùnrin yìí. Ṣé o ò rí bó ṣe ń rù ni? Ṣé irú àsìkò yìí ló yẹ kó máa kọ́ṣẹ́ ilé?"

"Ìgbà wo ló wá yẹ? Ìyá ẹ̀ bọ́ ọ, èmi náà bọ́ ọ. Wo nǹkan tá a bọ́ dàgbà."

Glenys lọ, ó sì sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọ̀dájú ni Noelene.

Nígbà kẹsàn-án tí wọ́n lọ sí Brisbane, Dókítà Fairweather gbé àwòrán ẹ̀dọ̀fóró síwájú wọn.

"Àwọn kókó jẹjẹrẹ náà ò dín kù, ṣùgbọ́n wọn ò tóbi sí i. Ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ."

Clive fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú, ó tẹ̀ kan orúnkún. Noelene pòṣé.

"Jókòó dáadáa. Àwọn èèyàn ń wò ẹ́."

Nọ́ọ̀sì gbé àpò oògùn méjèèjì dé, ó sì bẹ Clive pé kó jọ̀ọ́ sún sẹ́yìn díẹ̀, kí òun lè ríbi dúró wá iṣan lápá ìyàwó rẹ̀.