Omi Òjò Inú Báàfù

"Omi òjò kẹ̀! Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

Awakọ̀ ojú omi náà jágbe mọ́ ìyàwó rẹ̀ bó ti ń rọra lóṣòó sínú báàfù omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Jẹ̀díjẹ̀dí ti dá a lóró débi pé kò lè jókòó nídìí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ dé Araromi mọ́. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ omi ló ká a lára jù. Àgbá omi òjò tí wọ́n ń mu kì í pẹ́ lọ sílẹ̀ tó bá ti kúrò nílé, ìyàwó rẹ̀ á sì ní òun ò mọ̀.

"Omi yí ilé wa ká, o ò rí bù níbẹ̀?"

"Omi odò níyọ̀, Bàbá Ọmọ́lẹ́wà. Á ta yín kọjá àfaradà. Ẹ dẹ ara, kí omi náà lè ṣiṣẹ́."

Ara tù ú lóòótọ́, ni inú bá tún bí i sí i.

"Ta lo lọ sọ̀rọ̀ ìdí mi fún? Àwọn obìnrin etí èbúté, àbí? Ta ló kọ́ ẹ ní gbogbo eléyìí?"

"Mi ò sọ fún ẹnì kankan!" Obìnrin náà gbé kẹ́tùlù kalẹ̀ gbàgà. "Láti ọjọ́ tí mo ti bí Ọmọ́lẹ́wà, tó ń múra ilé ọkọ yìí, ni jẹ̀díjẹ̀dí ti ń ṣe èmi náà. Ẹ bá ti tukọ̀ lọ, inú báàfù yìí ni mo máa ń jókòó sí."

Awakọ̀ náà yíjú wo àgbá omi òjò.

"Ẹ yára dìde," ìyàwó rẹ̀ ní. "Èmi ló kàn."