Ẹ̀rọ Tó Mọ Ojú Ilé

Ẹ̀rọ méjì ni Nàfíù gbé sórí gíláàsì nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Paspanga, nílùú Ouaga. Ọ̀kan kéré bí ọṣẹ ìfọṣọ, èkejì tóbi, ó sì wúwo lọ́wọ́. GPS ni méjèèjì, ẹ̀rọ tí í sọ ojú ibi tí èèyàn dúró sí gan-an.

"Ẹ̀yin bọ̀dá mi, ẹ gbọ́," ni Nàfíù wí. "Èyí kékeré yára. Ẹ tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó ti dáhùn. Àmọ́ ó lè fi ogún ìgbésẹ̀ ṣìnà. Èyí ńlá kì í purọ́, ẹ ó kàn ní sùúrù fún un lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀."

"Kékeré tó wa," ni Félix wí. Ọmọ Kétu ni, tíṣà ni, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ àdúgbò wọn. "Ilé irinwó la fẹ́ yà sínú àwòrán ilẹ̀. Ọjọ́ kan péré, a ti parí. Ẹ má gbàgbé pé Sátidé ni àwọn mairie ń bọ̀ wá kà wá lójúlé kọ̀ọ̀kan."

Ràṣídì mi orí. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń ta páàtì moto nílùú náà, tó sì ń gbé nínú ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ sórí ilẹ̀ tí ìjọba kò tíì pín. Ní báyìí, mairie, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ìlú náà, fẹ́ pín in. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wọ ìwé yóò gba ilẹ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá wọ̀ ọ́, katapílà ni. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ti lọ bẹ̀ wọ́n ní bureau wọn. Ó ti ń lọ sí ogún ọdún tí fọ́tò ààrẹ kan náà ti wà lára ògiri níbẹ̀, èsì kan náà ni wọ́n sì ń fún un lábẹ́ fọ́tò yẹn: "Ẹ padà wá." Ẹni tó bá ní baba nígbẹ́jọ́ kì í jẹ̀bi, Ràṣídì kò sì ní baba kankan níbẹ̀.

"Ilé mi àti ilé Jìbírílù ló fẹ̀yìn kanra," ló wí. "Bí ẹ̀rọ bá fi ìgbésẹ̀ márùn-ún péré ṣìnà, inú ilé Jìbírílù nilé mi máa bọ́ sí. Félix, mo bẹ̀ ọ́."

Ó bẹ̀bẹ̀ títí. Owó ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni àwọn aláàánú tó ní ọ́fíìsì ní àdúgbò Zone du Bois fún ẹgbẹ́ náà. Èyí ńlá ni wọ́n rà.

Jìbírílù yìí, ọ̀kánjúwà èèyàn! Ó nílé alájà ní Ouaga 2000, àdúgbò àwọn olówó, síbẹ̀ ó wá kọ́ yàrá amọ̀ mẹ́rin síbí, kò sí bẹ́ẹ̀dì, kò sí ìkòkò. Ní ọ̀sẹ̀ ìkànìyàn náà, ó kó àwọn àna rẹ̀ mẹ́rin wá, kálukú tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà yàrá kan.

"Kí ni wọ́n ń ṣọ́?" Ọlárónkẹ́, ìyàwó Ràṣídì, béèrè.

"Afẹ́fẹ́," ni Ràṣídì wí. Tọkọtìyàwó rẹ́rìn-ín títí.

Ní Ọjọ́bọ̀, ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀ ni Ràṣídì ti bẹ̀rẹ̀. Ó dúró, ó dúró, títí ara ẹ̀rọ fi balẹ̀. Félix kọ ọ́ sílẹ̀. Ràṣídì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà, wọ́n wọ àdúgbò. Àmọ́ àwọn baálé ilé ti lọ sọ́jà, ta ni ọkùnrin tó máa wọ agbolé obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kò sí nílé? Ràṣídì bẹ Ọlárónkẹ́, tó gbọ́ èdè Mooré bí onílẹ̀, pé kó máa ṣíwájú àwọn. Ó pọn Ameenah ọmọ wọn, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì tẹ̀lé wọn.

Iṣẹ́ náà falẹ̀ bí ìgbín. Nígbà tí ilẹ̀ Jímọ̀ ṣú, àádọ́rùn-ún ilé ṣì kù.

"Ì bá jẹ́ kékeré yẹn la rà," Félix kùn.

Ní àárọ̀ Sátidé, ìsàlẹ̀ àdúgbò lọ́hùn-ún ni wọ́n wà, nígbà tí wọ́n gbọ́ moto àwọn mairie láti apá ilé Ràṣídì.

"Bàbá Ameenah, ṣé kí n sáré lọ sílé?"

"Lọ ṣe kí ni? Ilé tiwa ti wà nínú ẹ̀rọ. Ogún ẹnu ọ̀nà péré ló kù, àwọn obìnrin wọ̀nyí kò sì ní dá èmi lóhùn."

Ọlárónkẹ́ dúró. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Félix gbé àwòrán ilẹ̀ náà fún àwọn mairie. Ọ̀gá wọn yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí, ó fi "barka" dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Ràṣídì fi ọkàn balẹ̀ wọlé sùn.

Oṣù kejì lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n lẹ àwòrán àti orúkọ mọ́ ògiri mairie. Félix ló ń kà á fún wọn. Àwọn àna Jìbírílù gba ilẹ̀ mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún yàrá kọ̀ọ̀kan. Félix fi ìka tọ ìlà tó tẹ̀lé e lọ, ó dá ìka náà dúró.

"Kà á," ni Ràṣídì wí.

Ilé Ràṣídì wà nínú àwòrán náà, kò fi ìgbésẹ̀ kan yẹ̀, iwájú rẹ̀ ni wọ́n sì kọ ọ́ sí pé àgádágodo ni àwọn bá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní Sátidé, àwọn kò bá ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, kí katapílà wó o.