Tábìlì Ọjọ́ Ìbẹ̀wò

Aránṣọ náà ṣáájú àwọn òbí yòókù dé ilé ìtọ́jú, ó sì gbé báàgì ńlá kan lọ́wọ́. Aṣọ ọmọ rẹ̀ ló wà nínú báàgì, pẹ̀lú bàtà àti súwẹ́tà tí ọmọ á wọ̀ lọ́nà bí ilẹ̀ bá ṣú. Ó ti pinnu: òun ò ní fi ọmọ òun sílẹ̀ níbí lónìí.

Ilé náà ò jọ ilé ìwòsàn. Àwọn ọ̀dọ́ tí oúnjẹ ti di ọ̀tá wọn ló ń gbé ibẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń jí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń jẹun láìbẹ̀rù. Olóyè wà lára wọn. Bàbá rẹ̀ ló ń pè é bẹ́ẹ̀ láti kékeré, nítorí bó ṣe máa ń jókòó ti abọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Nígbà tí wọ́n gbé e wá, kò lè dá gun àtẹ̀gùn.

Gbogbo ọjọ́ ìbẹ̀wò ni aránṣọ náà ń béèrè ìgbà tí ọmọ yóò wálé, gbogbo ìgbà náà ni nọ́ọ̀sì àgbà ń dá a lóhùn pé, "Ó kù díẹ̀, mà." Díẹ̀ ọ̀hún ò tán bọ̀rọ̀.

Lónìí, ó yà kí alásè lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ẹnu alásè yìí kì í dákẹ́. Ó ní Olóyè ti di ọ̀gá o, pé òun ló ń rọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kí wọ́n jẹun, pé àwọn tí wọ́n jọ wọlé ti lọ sílé tipẹ́. Bó ti sọ ọ́ tán, ó wo ojú ìyá ọmọ, ó pa ẹnu mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ìkòkò tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Aránṣọ gbá báàgì rẹ̀ mọ́ra. Bí ara ọmọ bá ti yá, kí ni wọ́n ń dì í mú fún?

Nígbà tó wọ yàrá ìjẹun, Olóyè àti nọ́ọ̀sì àgbà ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Wọ́n rí i, wọ́n dákẹ́. Ọmọ náà sáré wá, ó kúnlẹ̀, ó sì dì mọ́ ìyá rẹ̀ pẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù.

Òfin ilé náà ni pé ẹni tó bá wá kí ọmọ yóò bá a jókòó, yóò sì jẹ irú ohun tí ọmọ ń jẹ. Wọ́n gbé ìrẹsì, ẹ̀wà àti ẹyin síwájú àwọn méjèèjì.

"Mọ́mì, ẹ jẹun."

"Mo ti jẹ kí n tó jáde nílé, Olóyè mi. Ìwọ jẹ tìrẹ."

Ohun tó gbé e wá kọ́ nìyẹn. Ó ń ṣọ́ ọmọ. Ó ń wo etí apá aṣọ rẹ̀, ó ń yọ́jú wo abẹ́ tábìlì, ó ń ka bí ọ̀fun rẹ̀ ṣe ń gbé oúnjẹ mì. Kò rí ẹ̀tàn kankan. Ṣíbí ń lọ, ṣíbí ń bọ̀.

Nọ́ọ̀sì àgbà ló wá ń kọ ọ́ lóminú. Obìnrin náà jókòó sí ọ̀kánkán aránṣọ, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ Olóyè. Ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ ọmọ kò bojú wo ọmọ. Bó bá sì gbójú sókè, Olóyè á ti máa wò ó, ojú á máa bá ojú sọ̀rọ̀ níṣojú ìyá tó bímọ. Ṣé obìnrin yìí ti fẹ́ sọ ara rẹ̀ di ìyá fún un ni?

Bàbá ọmọkùnrin kan tó jókòó sí tábìlì kejì fẹ́ dá wọn lẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá Olóyè, ẹ̀yin lẹ wá dà bí àbúrò rẹ̀ báyìí o. Kí lẹ̀ ń lò, kí n lọ sọ fún ìyàwó mi?"

Aránṣọ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fa bẹ́líìtì rẹ̀ le. Òun ló tún gba aṣọ ọrùn ara rẹ̀ tó ti ṣò wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì mọ̀ pé ó gún. Olóyè ò rẹ́rìn-ín. Ṣíbí rẹ̀ dúró díẹ̀ lágbedeméjì, lẹ́yìn náà ó ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ.

Ó jẹ ẹ́ tán, ó ha abọ́. Ìrẹsì ìyá rẹ̀ ti tutù. Ta ni oúnjẹ ń lọ lọ́fun, tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀? Aránṣọ ti tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan abọ́, ó wá fi ìnuwọ́ bò ó.

Nọ́ọ̀sì àgbà mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ó kù díẹ̀, mà."

Aránṣọ dìde. Ó gbé báàgì sórí tábìlì, ohùn rẹ̀ ò sì lọ sókè. Ó ní òun ti gbọ́ pé ara ọmọ òun ti yá. Ó ní àwọn tí wọ́n jọ dé ti wà lọ́dọ̀ ìyá wọn, pé bí wọ́n bá fẹ́ fi ọmọ òun ṣe ọmọ, kí wọ́n sọ ọ́ jáde.

"Ta ló ní kí ọmọ mi má wálé? Ẹ̀yin ni àbí dókítà?"

Nọ́ọ̀sì àgbà ò bínú. Ó ní kì í ṣe òun, kì í sì í ṣe dókítà.

"Ta wá ni?"

Olóyè na ọwọ́, ó rọra ṣí ìnuwọ́ kúrò lórí abọ́ ìyá rẹ̀, ó ní, "Èmi ni, mọ́mì, láti oṣù tó kọjá ni wọ́n ti ní kí n máa lọ, èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró títí a ó fi rí i tí ẹ jẹ tiyín tán, torí mi ò lè máa jẹun nínú ilé tí ìyá mi ti ń fi ebi pa ara rẹ̀."