Orí Tó Ń Fọ́ Ìyàwó Wa

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀dọ̀ dókítà eléyín la wà báyìí, ọkàn mi ò sì balẹ̀ rárá.

Ojoojúmọ́ lorí ń fọ́ ìyàwó ọmọ mi. Tó bá ń ránṣọ lọ́wọ́, ṣe ló máa gbórí lé máṣìnnì.

Èmi ni mo sọ pé eyín ọgbọ́n ni, èyí tó máa ń hù gbẹ̀yìn yẹn. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́ dànù, kí gbogbo wa sinmi.

Dókítà ń wo fọ́tò eyín ẹ̀.

"Eyín yìí ò ṣe nǹkan kan. Ìyàwó, ṣé ẹ máa ń payín keke lójú oorun?"

Mo ní, "Háà, dókítà, bí ẹni ń jẹ òkúta ni!"

"Ṣé nǹkan kan ń dà yín láàmú ni?"

Mo ní, "Kí ló fẹ́ dà á láàmú? Ọkọ ẹ̀ ò nà án, ebi ò pa á."

Dókítà yíjú sí mi. "Màmá, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́."

Ọmọ yìí ń wolẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ le gbagidi.

Dókítà ní, "Ẹni tó bá ń gbé ọ̀rọ̀ mì máa ń fún eyín pọ̀ ni, ìyẹn ló ń mú kórí fọ́. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

Ó rọra dáhùn: "Ó ti pé oṣù méje."

Oṣù méje náà rèé tí mo ti kẹ́rù wá sílé wọn.

Mo la ẹnu kí n fèsì.

Mo rọra pa á dé.