Àkùkọ Tí Adájọ́ Méje Rí

Mo na ọwọ́ ọ̀tún sókè, mo sì jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú ẹ̀yin ọmọ mi pé ìtàn yìí kò ní gùn. Ẹjọ́ ló máa ń gùn. Ìtàn nípa ẹjọ́ kò gbọdọ̀ gùn.

Ní orílẹ̀-èdè kan tí odò rẹ̀ pọ̀ ju afárá rẹ̀ lọ, Adájọ́ Àgbà Adégòróyè ni olórí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ènìyàn rere ni. Kì í gba rìbá, kì í sì í sùn lórí àga ìdájọ́, bí àwọn agbẹjọ́rò tilẹ̀ ń sa gbogbo ipá wọn láti mú un sùn. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: ó fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀ òun máa ṣáájú.

Tẹ́lẹ̀ rí, bí àwọn adájọ́ méje bá wọ yàrá ìgbìmọ̀ láti pinnu ẹjọ́, ẹni tó kéré jù ló ń kọ́kọ́ sọ èrò rẹ̀, olórí á sì sọ tirẹ̀ kẹ́yìn. Ọjọ́ tí Adégòróyè gorí àga ló pa àṣà náà rẹ́. "Níbo," ó bi wọ́n, "ni ọmọdé ti ń bọwọ́ sáwo ṣáájú àgbà?" Àwọn mẹ́fà yòókù ní kò síbì kankan. Láti ìgbà náà, bó bá ti sọ̀rọ̀ tán, ohun tó máa ń kù ni "Gẹ́gẹ́ bí Olúwa mi ti wí." Adégòróyè a sì lọ sílé lọ sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ọgbọ́n òun ló ń mú ohùn wọn ṣọ̀kan.

Ó wá kan ẹjọ́ àwọn ará Etídò. Ìjọba fẹ́ ṣe afárá, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára gbogbo ilé tó wà létí odò, wọ́n ní kí àwọn onílé kó jáde. Baba Ṣódípẹ̀, arúgbó tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, ló ṣáájú wọn wá. Ó ní kí ilé-ẹjọ́ wò ó bóyá àṣẹ náà bá òfin ilẹ̀ mu, nítorí kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní nǹkan kan kí ọ̀dà tó dé. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lóde, ó gbé fìlà lé eékún. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́ níbí, kò sí ilé-ẹjọ́ lókè mọ́ àfi ti Ọlọ́run, ìyẹn kì í sì í tètè dá katakata tó ń wólé dúró.

Nínú yàrá ìgbìmọ̀, Adégòróyè wúkọ́. Ó ti ka ìwé ẹjọ́ méjì láàárọ̀: ti Etídò, àti ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, níbi tí ilé-iṣẹ́ ìṣáná méjì ti ń jà nítorí àwòrán àkùkọ tó wà lára páálí ìṣáná. Ọjọ́ orí kò mọ ipò. Ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló bọ́ sí i lẹ́nu.

"Lójú tèmi," ó wí, "àkùkọ náà kì í ṣe tiwọn. Kí wọ́n yọ ọ́ kúrò."

Àwọn mẹ́fà yòókù wo ìwé ẹjọ́ Etídò tó wà níwájú wọn.

"Gẹ́gẹ́ bí Olúwa mi ti wí," ni Adájọ́ Láoyè dáhùn. "Ìrù àkùkọ náà gan-an ló ń kọ mí lóminú."

Ẹni tó tẹ̀ lé e ní ọjọ́ ti pẹ́ tí òun ti ń fura sí àkùkọ náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbà á títí ó fi kan Adájọ́ Ìbídùn, ọmọdé inú wọn, ẹni tó ti ní ọmọ-ọmọ méjì. Òun náà tẹrí ba: "Gẹ́gẹ́ bí Olúwa mi ti wí."

Adégòróyè fa ìwé mọ́ra láti fọwọ́ sí i. Ó rí i lókè rẹ̀: *Àwọn Ará Etídò àti Ìjọba*. Kálámù dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìbídùn, àkùkọ wo là ń sọ?"

"Èyí tí Olúwa mi rí ni, sà."

"Ìwọ náà rí i?"

"Bí ẹ bá ti rí i, sà, ta ni èmi tí n kò fi ní rí i?"

Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí òmùgọ̀ kan nínú wọn. Òun ló sọ wọ́n di gbohùngbohùn. Ó rántí gbogbo ẹjọ́ tí ohùn wọn ti ṣọ̀kan lé lórí. Mélòó nínú àwọn ẹjọ́ náà ló jẹ́ àkùkọ?

"Ẹ jọ̀ọ́," ó wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, "ẹ jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀. Ìbídùn, ìwọ ni kó o ṣáájú. Èmi á kẹ́yìn."

Ìbídùn wo ilẹ̀, ó wo àjà. Nígbà tí kò ríbi sá sí, ó sọ̀rọ̀. Ó ní ìjọba lágbára láti ṣe afárá, ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ẹni tí wọ́n fẹ́ wó ilé rẹ̀. Wọn kò gbọ́ tẹnu ẹnikẹ́ni. Àṣẹ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Láoyè ní òun kò gbà. Láti ọjọ́ tí Adégòróyè ti gorí àga, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọn yóò gbọ́ ohùn Láoyè fúnra rẹ̀. Ohùn náà kò burú. Wọ́n jiyàn títí tíì tí wọ́n gbé síwájú wọn fi tutù. Nígbà tó kan Adégòróyè, ó ní ẹ̀yìn ìjọba lòun wà, nítorí odò yẹn ti gbé ènìyàn lọ jù. Àwọn mẹ́rin wà lẹ́yìn Etídò, àwọn mẹ́ta wà lẹ́yìn ìjọba. Adájọ́ Àgbà wà nínú àwọn mẹ́ta.

Òun fúnra rẹ̀ ló jáde lọ ka ìdájọ́ pé ìjọba kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ilé kankan títí wọn yóò fi gbọ́ tẹnu àwọn onílé. Baba Ṣódípẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Olúwa mi, Ọlọ́run á dá yín láre!"

"Ẹ dìde, Baba. Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Èmi ò sí lẹ́yìn yín."

Baba gbọn eruku fìlà rẹ̀. "Ẹ ò sí lẹ́yìn wa, ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó wà lẹ́yìn wa sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́ mi jàre."

Adégòróyè délé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé wọ́n borí òun lónìí. "Ẹ kú oríire," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé: bí gbogbo ènìyàn bá ń gbà fún ọ nígbà gbogbo, má tíì yọ̀, kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n rí ohun tí o rí. Ẹni tí a fún ní agbára àtipinnu, etí ló yẹ kó fi ṣáájú ẹnu. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ síta o. Ọ̀rọ̀ yàrá ìgbìmọ̀ kì í jáde. Àwọn méjèèje ti búra pé àwọn kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ fún mi nìyẹn, nígbà tó sọ ọ́ fún mi tán.